Àgbà kì í sáré lásán: bẹ́ ẹ ṣe lè mú òbí yín bẹ̀rẹ̀ eré àsápajúdé bíi ti Màmá Julia Hawkins

A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bá ò bá lé ejò, ejò ló ń lé wa. Tó bá wá jẹ́ ti Màmá Julia Hawkins ni, fóònù ni ejò ọ̀hún. Baton Rouge ní Louisiana, l'Amẹ́ríkà, ni Màmá gbé nígbà ayé wọn, wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ ọgbà gan-an ni, ibi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú òdòdó lọ́wọ́ ni fóònù á ti máa dún nínú ilé, Màmá á wá ki eré mọ́lẹ̀ kí ẹni tó ń pè tó gé e. Fóònù inú ilé nìyẹn o, kì í ṣe èyí tá à ń kó sápò kiri. Nígbà tí wọ́n wá pé 100 ọdún tọ́rọ̀ sísáré délẹ̀, wọ́n ní ṣebí àwọn máa ń sáré lọ gbé fóònù, ẹsẹ̀ àwọn ṣì gbé àwọn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún ọdún o, kì í ṣe 40, kì í ṣe 60.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní màmá tàbí bàbá tó ti lé ní 60 ni mò ń kọ eléyìí fún, pàápàá àwọn tó wá bá wa wẹ ọmọ lókè òkun níbí, tó jẹ́ pé tọ́mọ bá ti sùn, ìdí tẹlifíṣọ̀n ló kù. Mi ò sọ pé kí ẹ máa mú wọn rìn yí àdúgbò ká, ìyẹn gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. Eré gidi ni mò ń sọ, eré àsápajúdé, mítà 50, mítà 100. Èmi àti màámi la jọ ń ṣe é, a ti ṣàṣìṣe níbẹ̀ dáadáa, ẹ máa gbọ́ ọ láìpẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìtàn Màmá Julia, torí bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri bí iṣẹ́ ìyanu yẹn máa ń bí mi nínú díẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ọ̀nà wà níbẹ̀ téèyàn lè tọ̀.

Ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1916 ni wọ́n bí wọn. Tíṣà ni wọ́n. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ fóònù yìí o, orí fóònù náà ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, torí ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, ọkọ wọn, Murray, wà lọ́nà jíjìn. Wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, àwọn méjèèjì jọ wà fún nǹkan bí 70 ọdún kí bàbá tó kú ní 2013. Nígbà tí Màmá tó nǹkan bí 80 ọdún, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi wọ ìdíje àwọn àgbà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gba góòlù níbẹ̀. Ìgbà tó yá wọ́n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, torí kò sí ẹgbẹ́ wọn mọ́ tí wọ́n máa bá du. Bóyá àwọn tó kù ti kú tán tàbí wọn ò lè gun kẹ̀kẹ́ mọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń gbé e ni pé màmá ẹni 100 ọdún kan dédé dìde tó ń sáré, àmọ́ ara yẹn ò sinmi rí. Ọgbà lójoojúmọ́, ìdúró, ìbẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Eré yẹn nìkan ló jẹ́ tuntun.

Ní oṣù keje 2017, nínú ìdíje àwọn àgbà tí USATF, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó eré orí pápá ní Amẹ́ríkà, ṣe ní Baton Rouge níbẹ̀ náà, wọ́n sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 40.12. Ẹni ọdún 101. Nígbà tí wọ́n sáré tán, ohun tí wọ́n sọ ni pé torí eré yìí làwọn ò ṣe sùn oorun ọ̀sán àwọn o. Ní 2018 wọ́n sá mítà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá 24.79. Ní 2019 ní Albuquerque, ní ọmọ ọdún 103, wọ́n sá mítà 100 ní 46.07. Nígbà tó wá di ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá 2021, ní ìlú Hammond, Louisiana, ẹni ọdún 105, wọ́n sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú kan àti àáyá 2.95, wọ́n sì di obìnrin àkọ́kọ́, àti ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́, tó máa ní rékọ́ọ̀dù eré orí pápá ní ìsọ̀rí ẹni ọdún 105 sókè. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, Màmá ní inú àwọn dùn láti rí ẹbí àtọ̀rẹ́ àmọ́ àwọn fẹ́ kó má tó ìṣẹ́jú kan. Ẹnì kan bi wọ́n pé ṣé kò tù wọ́n nínú pé iye àáyá yẹn ò tiẹ̀ tó iye ọdún wọn. Wọ́n ní rárá. Mo fẹ́ràn màmá yẹn! Ọdún 2024 ni wọ́n kú, lẹ́ni 108 ọdún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí iṣẹ́.

Ẹ wá ejò yẹn ná

Ẹ má sọ fún àgbàlagbà pé "ẹ jẹ́ ká lọ sáré fún ìlera yín," wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Ẹ máa wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ló ń mú wọn sáré láìmọ̀? Ti màámi, ẹ̀wà ni. Wọ́n gbé ẹ̀wà kaná, wọ́n bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ sá aṣọ ọmọ, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo rí i tí wọ́n ká ìró sókè dé orúnkún, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà wọlé fìì, bàtà kan ṣẹ́ kù sórí koríko. Mo ní haa. Ẹni ọdún 68 tó ń sọ fún mi lánàá pé orúnkún ò jẹ́ káwọn gun àtẹ̀gùn.

Ejò míì wà tí kì í ṣe ẹ̀rín. Màmá Ida Keeling ní New York, ọmọkùnrin wọn méjì ni wọ́n pa, ọ̀kan ní 1979, èkejì ní 1981, ìbànújẹ́ ń jẹ Màmá lọ, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Shelley ọmọ wọn obìnrin, òun fúnra ẹ̀ mọ eré sá, ló fà wọ́n lọ́wọ́ lọ síbi eré kìlómítà 5 kan nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 67. Látorí ìyẹn, ní 2016 níbi ìdíje eré orí pápá tí wọ́n ń pè ní Penn Relays ní Philadelphia, Màmá Ida, ẹni 100 ọdún, sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú kan àti àáyá 17.33, bí wọ́n ṣe dé òpin báyìí wọ́n tún dọ̀bálẹ̀ wọ́n ń ṣe push-up. Torí náà tí òbí yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ẹnì kan, ẹ má rò pé eré ò kan ìyẹn, àmọ́ ẹ rọra, ẹ bá wọn lọ, ẹ má rán wọn lọ.

Màmá Man Kaur ní Íńdíà náà, ẹni ọdún 93 ni wọ́n kí ọmọ wọn, Gurdev Singh, tó mú wọn lọ sórí pápá. Ní 2017 wọ́n lọ sí Auckland ní New Zealand, ẹni ọdún 101, wọ́n fi nǹkan bí àáyá 74 sá mítà 100, àwọn nìkan ló wà ní ìsọ̀rí wọn, wọ́n gba góòlù. Ẹ rí i pé ọmọ ló wà nídìí ẹ̀ níbí náà? Ọmọ tó jáde lọ bá wọn sáré, kì í ṣe ọmọ tó jókòó sínú mọ́tò tó ń tẹ fóònù.

Dókítà

Kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kan pápá, ẹ lọ rí dókítà, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, títí kan àgbo tí wọ́n gbé wá látilé tí wọn ò sọ fún yín (ẹ yẹ ìdí àpótí wò). Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré, òmíràn ń mú kéèyàn máa tọ̀ ṣáá kí omi ara wá gbẹ. Ẹ la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún dókítà pé eré kíkankíkan lẹ ní lọ́kàn, ẹ má kàn pè é ní eré ìdárayá. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni, mo ní kì í ṣàwàdà o, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí pápá, tí àyà bá dùn wọ́n, tójú bá ń pòòyì, tí èémí ò bá padà bọ̀ sípò, eré parí lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tí mo ti ba nǹkan jẹ́

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yẹn ṣì wà lọ́kàn mi, mo mú màámi lọ sí pápá ilé ìwé kan nítòsí wa, mo ní ẹ sá a látibí dé òpó gọ́ọ̀lù yẹn, ẹ sá a tán pátápátá. Ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá ni wọ́n gbé tí wọ́n figbe ta, wọ́n di ẹ̀yìn itan mú. Iṣan fà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń fi ìpara gbígbóná ra á, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì torí ta ló máa wá wẹ ọmọ?

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé iṣan tá a fi ń sáré kíkankíkan ló tètè máa ń dín kù lára àgbàlagbà, èyí tá a fi ń rìn ọ̀nà jíjìn kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀. Iṣan yẹn ti ń sùn láti ọdún pípẹ́, ẹ̀ ń fi igbe jí i. Iṣan ẹ̀yìn itan ló sì máa ń kọ́kọ́ já, torí ìgbà tẹ́sẹ̀ bá ń na síwájú pẹ̀lú agbára ló máa ń fà jù, lẹ́yìn ẹ̀ ni iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Ẹ̀wà tó ń jóná lè mú wọn gbé ìṣísẹ̀ mẹ́fà, kò túmọ̀ sí pé ogójì ti ṣetán.

Torí náà, ohun tá a wá ṣe nìyí nígbà tí wọ́n gbádùn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò sí eré rárá, inú ilé ni, àga la lò. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kí wọ́n di ẹ̀gbẹ́ sínkì kíṣìnnì mú kí wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, kí wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí wọ́n bá ń fọ eyín kí wọ́n fẹsẹ̀ kan dúró nítòsí ògiri. Màámi ní ṣé èyí náà leré, mo ní ẹ ṣáà máa ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kẹta la padà sórí koríko. Koríko o, ẹ má lọ sórí kọnkéré. Ẹ kọ́kọ́ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ara gbóná, ẹ ju apá, ẹ gbé orúnkún sókè, lẹ́yìn náà mítà 20, ẹ̀ẹ̀mẹrin, bí ẹni ń sá fún òjò tí ò tíì dé. Ẹ rìn padà, ẹ dúró tí wọ́n á fi lè sọ̀rọ̀ dáadáa kí ẹ tó tún lọ. Ìsinmi àárín yẹn ṣe pàtàkì, ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ta, eré àsápajúdé kì í ṣe eré àmíhẹlẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ péré, kí ó kéré tán ọjọ́ méjì wà láàárín. Tí ẹ bá rí òkè kékeré kan tó rọra ga, ẹ lò ó, torí téèyàn bá ń sá gun òkè kò lè sáré jù, ẹsẹ̀ kì í sì í nà jù, iṣan ẹ̀yìn itan á sinmi. Àmọ́ ẹ rìn sọ̀ kalẹ̀ o, ẹ má sá sọ̀ kalẹ̀. Ó tó nǹkan bí oṣù méjì àtààbọ̀ kí n tó jẹ́ kí wọ́n sá mítà 30 tán pátápátá.

Màmá Julia kì í ṣe ìgbáradì púpọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé mítà 100 tó kù nínú àwọn níye, àwọn ò fẹ́ fi ṣòfò lórí ìgbáradì. Ẹ má fi ìyẹn ṣe àwáwí o, ọgbà tí wọ́n ń ro lójoojúmọ́ yẹn ni ìgbáradì wọn. Àmọ́ ẹ rántí ẹ̀ nígbà tí kóòṣì inú yín bá fẹ́ fi kún iye ìgbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ó rẹ àwọn, ẹ gbà. Oorun ọ̀sán náà wà nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ àti bàtà ńkọ́? Bàtà tó ní okùn, tó mú ẹsẹ̀ dáadáa, ẹ ò nílò èyí tó ní ìṣó nídìí rárá. Aṣọ ló fa ìjà nílé wa, wọ́n ní àwọn ò wọ ṣòkòtò, àwọn ò wọ èyí tó lẹ̀ mọ́ra, kí ni pásítọ̀ máa rí. A wá ran síkẹ́ẹ̀tì ańkárá tó gùn dé abẹ́ orúnkún, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n wọ léńgíìsì dúdú sábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń sáré ó máa ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí agbòjò. Ó dáa, kò sófin tó ní kò dáa.

Bí wọ́n ṣe ń ka àáyá àti ọdún

Ohun tó mú kí eré àwọn àgbà yìí dùn ni ìsọ̀rí ọjọ́ orí. Láti 35 ló ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìdíje àwọn àgbà lágbàáyé, ọdún márùn-ún márùn-ún, 35, 40, 45, títí tó fi dé 100, 105. Ẹ padà lọ wo nọ́ńbà Màmá Julia: 40, 46, 62. Wọ́n ń falẹ̀ sí i ni, síbẹ̀ wọ́n ń gba rékọ́ọ̀dù, torí ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń bá du. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọ ìsọ̀rí tuntun, ẹ̀yin lẹ kéré jù níbẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń retí ọjọ́ ìbí bí ọmọdé. Bàbá Hidekichi Miyazaki ní Japan, ní 2015, ọjọ́ kejì tí wọ́n pé 105 ọdún ni wọ́n ti wà lórí pápá ní Kyoto, wọ́n sá mítà 100 ní 42.22, inú wọn ò tiẹ̀ dùn, wọ́n láwọn sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ìgbáradì.

Ní Amẹ́ríkà, ìdíje àwọn ẹni 50 ọdún sókè wà, ìpínlẹ̀ lèèyàn á ti kọ́kọ́ sáré kó tó lọ sí ti gbogbo orílẹ̀-èdè tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dún méjì méjì. Ìwé ọjọ́ orí sì ni wàhálà àwa ọmọ Yorùbá o jàre. Màámi, 68 ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù, àmọ́ àwọn fúnra wọn ní ọdún tí òjò ńlá wó ilé bàbá bàbá wọn ni wọ́n bí àwọn, ẹ̀gbọ́n wọn ní màámi ti lé ní 70. Ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n máa lò, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ jiyàn ẹ̀. Èèyàn tó dín ọjọ́ orí kù nítorí iṣẹ́ ìjọba lọ́jọ́ kìíní àná, ọ̀dọ̀ àwọn tó kéré sí i ló máa lọ sáré.

Tẹ́ ẹ bá ń fi fóònù ka àáyá nílé, ẹ mọ̀ pé iye tí ọwọ́ bá kà máa ń kéré sí ti ẹ̀rọ, torí ọwọ́ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ máa ń fi àáyá 0.24 kún èyí tí wọ́n fọwọ́ kà ní mítà 100 kí wọ́n tó fi wé ti ẹ̀rọ. Atẹ́gùn tó bá ń tini lẹ́yìn ju mítà 2 lọ ní àáyá kan, rékọ́ọ̀dù ò jẹ́ rékọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ ìdíje, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fagídí mú wọn kúnlẹ̀ sórí irin ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà láǹfààní láti bẹ̀rẹ̀ lórí ìdúró. Èyí tó ṣe kókó jù, ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n má dúró gbàgà lórí ìlà òpin. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí, inú ti dùn, ojú ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń yàwòrán, ẹsẹ̀ ti kọ́. Èmi máa ń lọ dúró ní mítà 10 lẹ́yìn ìlà, mo ní ẹ sá bá mi, ẹ má wo ìlà.

Bá a ṣe lọ nìyẹn ní àárọ̀ Sátidé kan síbi ìdíje kékeré kan tí kò jìnnà sí wa, mítà 50. Síkẹ́ẹ̀tì ańkárá, àtíkè ọmọ lára, ọmọ ọmọ wọn ń sunkún lẹ́yìn ìyá ẹ̀. Wọ́n sáré, wọ́n kọjá ìlà, wọ́n bá mi ní mítà 10 bá a ṣe sọ ọ́, wọ́n ń mí, wọ́n ní ṣé ẹ̀wà ti jóná ni? Wọ́n gba ipò kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n pe gbogbo ilé ní Ìbàdàn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ fún wọn pé àwọn gba sílífà l'Amẹ́ríkà. Àwọn méjì péré ló sáré ní ìsọ̀rí yẹn. Ìyẹn kò jáde lẹ́nu wọn, èmi náà ò sì sọ ọ́.